Kànga Tó Ń Kún Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Kò sí ìwé akẹ́kọ̀ọ́ tó dé ọwọ́ Priscilla Pamílẹ́rìn tí kì í kọ́kọ́ gbé lọ sójú fèrèsé. Á wo àwọ̀ bírò, bóyá ọ̀kan náà ni wọ́n fi kọ ọ́ láti òkè délẹ̀. Á fi àtàńpàkò ra etí ìwé náà wò, bóyá wọ́n ti ṣí i tó bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣí i. Nígbà mìíràn á tilẹ̀ gbé e sí imú. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń kọ́ni ní jọ́gíráfì, ohun tí ọdún wọ̀nyẹn sì kọ́ òun fúnra rẹ̀ ni pé ọmọ tó bá fẹ́ tan olùkọ́ jẹ kì í dán an wò nínú iṣẹ́ tó le. Iṣẹ́ tó rọrùn ló ti ń ṣe é.

Wọn kò bí ìfura mọ́ ọn. Wásinmi ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ jẹ́ katikíìsì ìjọ Áńgílíkà níbẹ̀, ọkùnrin kan tó gba gbogbo ènìyàn gbọ́. Ní ilé katikíìsì, ìbéèrè àti ìdáhùn ni wọ́n fi ń tọ́ ọmọ: bàbá á béèrè, ọmọ á dáhùn láì mí. Priscilla ti mọ gbogbo rẹ̀ sórí kó tó pé ọmọ ọdún méje. Ó ti lé ní ogún ọdún kó tó bi ara rẹ̀ pé kí ni àwọn ọ̀rọ̀ tí òun há sórí yẹn túmọ̀ sí gan-an.

Papalanto ni ìjọba kọ́kọ́ gbé e lọ láti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ sì ni ìfura ti wọ inú rẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì rẹ̀ tó gba márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ìdánwò kíka máàpù. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí bàbá ọmọ náà, tó ń lẹ táyà ọkọ̀ àjàgbé lẹ́bàá títì, fi wá sí ilé ẹ̀kọ́. Ó ní òun fẹ́ kan ṣọ́ọ̀bù onípákó, òun sì ní kí ọmọ òun wọn ilẹ̀ náà kí òun lè mọ iye pákó tí òun yóò rà. Ọmọ náà dúró sójú ilẹ̀ tòun ti okùn lọ́wọ́, kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní irú ilẹ̀ yẹn kò sí nínú ìwé.

Bàbá náà kò pariwo. Ó kàn wo Priscilla láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Tíṣà, márùndínlọ́gọ́rùn-ún kí ni ẹ wá fún un?"

Nígbà tí wọ́n gbé Priscilla wá sí Abẹ́òkúta, sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan tí kò jìnnà sí Ìtokò, ó ti pinnu pé òun kò ní fi máàkì fún ohun tí ọmọ há sórí nìkan mọ́. Ní ọdọọdún ló ń wá iṣẹ́ kan tí ọmọ kò lè rí dà kọ láti inú ìwé, tó sì jẹ́ pé ilé tí ọmọ náà ń gbé nílò rẹ̀. Ọdún kan wà tí wọ́n ka àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń ti ọ̀nà Ewékorò bọ̀, tí wọ́n sì fi ìyẹn mú ibi tó dára jù fún àwọn ọmọdé láti sọdá títì. Ọdún mìíràn, wọ́n ya àwòrán ibi tí ọ̀gbàrá ń gbà nínú agbolé wọn. "Iṣẹ́ Mísìs" ni àwọn ọmọ ń pè é, wọ́n á sì fẹjú bí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀.

Iṣẹ́ ti ọdún yìí jẹ mọ́ omi. Méjìlélógójì ni àwọn ọmọ kíláàsì tó ku ọdún kan kí wọ́n ṣe ìdánwò àṣejáde. Olúkúlùkù yóò wọn kànga ilé rẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé mẹ́jọ, kí ẹnikẹ́ni tó fa omi, láti ẹnu kànga dé ojú omi. Yóò kọ ọjọ́, wákàtí, iye ẹsẹ̀ bàtà, àti ohun yòówù tó bá ṣàkíyèsí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹjọ, yóò ya àwòrán bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀, yóò sì kọ lẹ́tà sí àgbà ilé láti sọ bí wọ́n ṣe yẹ kí wọ́n lo omi títí òjò yóò fi dé. Ọgbọ̀n máàkì: mẹ́wàá fún wíwọ̀n, mẹ́wàá fún àwòrán, mẹ́wàá fún lẹ́tà.

Igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnrìndé, kò fẹ́ràn iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tó gún régé ni, tó máa ń di bọ́tìnì ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ nínú ooru. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí àwọn ọmọ kó ìwé wọn wá, ó ní kí wọ́n kó mẹ́wàá nínú rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì òun. Kò pẹ́ tó fi ránṣẹ́ pe Priscilla.

"Ẹ jókòó, Mísìs. Oṣù wo la wà yìí?"

"Oṣù kẹta ni, sà."

"Òjò ti rọ̀ ní Abẹ́òkúta látìgbà ọdún tuntun?"

"Kò tíì rọ̀, sà."

Ó ti ìwé kan sí i. "Ẹ wá bá mi ka kànga oníṣẹ́ ìyanu yìí."

Ìwé Ummulkulthum ni, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tí àwọn ẹbí rẹ̀ ń ta aṣọ ní Ìtokò láti ayé àwọn bàbá ńlá wọn. Priscilla ka iye tó wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlélógún. Lẹ́yìn náà méjìlélógún, mẹ́tàlélógún, mẹ́tàlélógún, mẹ́rìnlélógún. Títí dé ibẹ̀, ó dára, omi ń lọ sílẹ̀ bí ti gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ogún. Lẹ́yìn náà mọ́kànlélógún, mọ́kànlélógún. Omi ti fò sókè ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó ń la ilẹ̀.

"Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń kọ ohun tó wù ú," ni Ògúnrìndé wí. "Ó kọ márùn-ún, ó sú u, ó wá gbàgbé ibi tí òun ń darí omi lọ. Ẹ sì wo bírò. Ọ̀kan náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ti sọ fún yín, Mísìs. Ẹ ní kí ọmọ lọ ṣe iṣẹ́ níbi tí ojú yín kò tó. Ta ló rí wọn?"

Ó fa dúrọ́ọ̀ ṣí, ó gbé ìwé kan tó ní èèpo dúdú jáde. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ló mọ ìwé náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí orúkọ rẹ̀ bá wọ ibẹ̀ fún èrú, ilé ẹ̀kọ́ kò ní forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò àṣejáde. Á lọ wá ibòmíràn, tàbí kó jókòó sílé.

"Mo fún yín di ọjọ́ Ẹtì," ó wí. "Bí ẹ bá rí i pé èrú ni, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó kọ orúkọ náà."

"Bó bá jẹ́ èrú, màá kọ ọ́, sà," ni Priscilla dáhùn. Ohun tó dùn ún nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé òun pẹ̀lú gbà pé èrú ni.

Ní ọjọ́ kejì, lásìkò ìsinmi, ó pe ọmọ náà sí ìdí igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn kíláàsì. Ó jẹ́ kó dúró díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ yóò máa ṣe. Ọwọ́ ọmọ náà kò ṣe nǹkan kan.

"Ìwọ fúnra rẹ lo wọn kànga yìí?"

"Èmi ni, mà."

"Kí lo fi wọ̀n ọ́n?"

"Okùn kànga wa, mà. Mo fi rúlà wọn okùn náà láti ìdí ìfami. Nígbà tí mo dé ogún ẹsẹ̀ bàtà, mo so òwú pupa mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìyẹn mo ń so òwú ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Tí ìfami bá ti kan omi, màá ka òwú tó wà lẹ́nu kànga."

Ó ti mọ́ ọn lẹ́nu jù, ni Priscilla rò. Ẹni tó bá ṣe nǹkan lóòótọ́ máa ń kólòlò díẹ̀ nígbà tó bá ń ṣàlàyé rẹ̀.

"Báwo ló ṣe jẹ́ pé bírò kan ṣoṣo lo lò fún oṣù méjì?"

"Mo tún un kọ ni, mà. Ìwé àkọ́kọ́ já sínú kànga."

"Ó já sínú kànga."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ní Sátidé keje."

"Ṣùgbọ́n o rántí gbogbo iye tó wà nínú rẹ̀."

"Mo kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ilé ìdáná pẹ̀lú. Ṣọ́ọ̀kì ni mo fi kọ ọ́." Ọmọ náà gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. "Mà, Fatimoh kíláàsì wa ní ẹ ti mú ìwé mi lọ fún igbákejì ọ̀gá. Wọ́n ní ìwé dúdú ni. Ṣé lóòótọ́ ni?"

"Ta ní kí Fatimoh máa sọ ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì? Ní oṣù kejì, Ummulkulthum, báwo ni kànga ṣe ń kún?"

"Mi ò mọ̀, mà. Ìyá Àgbà ṣe sàráà ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo rò pé bóyá Ọlọ́run gbà á." Omi ti lé sójú rẹ̀. "Ẹ wá wò ó nílé wa. Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ wá."

Priscilla ti gbọ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ tó ń parọ́ á ní kí olùkọ́ wá sílé, nítorí ó mọ̀ pé olùkọ́ kò ní wá. Ó ní, "Lọ́la, lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́," ó sì ń ṣọ́ ojú ọmọ náà bóyá yóò yí padà. Ojú náà kò yí padà. Ìyẹn gan-an tún jẹ́ kó máa fura sí i.

Ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, ó mú téèpù ìdiwọ̀n gígùn kan látinú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, ó fi sínú báàgì, wọ́n sì jọ fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìtokò. Agbolé náà gbòòrò, wọ́n fi páànù tó ti dípẹtà bo ilé tó wà yí i ká, àgbàlá sì wà láàárín tí wọ́n ti ń pa aró nígbà kan rí. Kànga náà wà ní igun kan, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ ẹnu rẹ̀ sókè dé orúnkún. Ìyá arúgbó kan jókòó sórí àpótí lẹ́bàá rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Àlímátù ni orúkọ rẹ̀, òun ló bí bàbá Ummulkulthum.

"Àsàlámù àlékù, Ìyá Àgbà," ni ọmọ náà wí, ó kúnlẹ̀. "Tíṣà wa nìyí."

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá," ni Priscilla wí, òun náà kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́."

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ dìde." Ojú Àlímátù ti wà lára báàgì. Bí Priscilla ṣe yọ téèpù jáde, ìyá náà gbé agbọ̀n ẹ̀wà sílẹ̀. "Kí ni ẹ fẹ́ fi ìyẹn wọ̀n?"

"Kànga yín ni, Màmá."

"Hẹn-ẹ́n. Ìjẹta la rí àwọn kan tó wá wọn ilẹ̀ ẹnìkejì wa. Wọ́n ní ìjọba ló rán wọn. Kí a tó ṣẹ́jú, wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri. Ẹ sọ fún ẹni tó rán yín pé a kò ta."

"Èmi kò ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá o, Màmá. Ilé ẹ̀kọ́ ni mo ti wá."

"Ta ló ni ilé ẹ̀kọ́?"

Ìjọba ló ni ín, Priscilla sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n wá, Ìyá Àgbà," ni Ummulkulthum wí. "Nítorí iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Sátidé ni."

"Èyí tó o fi ń yọjú sínú kànga bí ẹni tó sọ òrùka nù, kí ẹnikẹ́ni tó fọ ojú?" Ìyá náà mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ẹ wọ̀n ọ́n. Ojú mi ń bẹ níbẹ̀."

Priscilla kọ́kọ́ lọ sí ilé ìdáná. Iye náà wà lára ilẹ̀kùn lóòótọ́, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Ti òkè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, èéfín ti bò ó, ti ìsàlẹ̀ ṣì funfun. Kò lè jẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n kọ gbogbo rẹ̀. Èyí yí ọkàn rẹ̀ díẹ̀, kò yí i tán. Ẹni tó lè hùmọ̀ iye lè máa hùmọ̀ ọ̀kan ní Sátidé Sátidé.

Ó padà sídìí kànga, ó so òkúta kan mọ́ ẹnu téèpù, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Òkúta náà lọ, ó lọ, kó tó kan omi. Ó ka ohun tó rí. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n àti díẹ̀.

"Kí lo kọ ní Sátidé tó kọjá?"

"Mọ́kànlélógún, mà," ni ọmọ náà wí.

"Láàárín ọjọ́ márùn-ún, omi sá lọ sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún?"

Ummulkulthum mú ìfami, ó sọ ọ́ sínú kànga, okùn ń yọ́ gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà tí ìfami kan omi, ó di okùn mú lẹ́nu kànga, ó sì fi han olùkọ́. Òwú pupa wà níbẹ̀. Òwú kejì láti ìsàlẹ̀. Mọ́kànlélógún.

Priscilla wo òwú náà, ó wo téèpù. Nínú oṣù méjì tí iṣẹ́ yìí ti wà nílẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí kò mọ ẹni tí òun yóò fura sí. Ọmọ náà kò parọ́. Téèpù náà kò parọ́. Ohun kan láàárín àwọn méjèèjì ló ń parọ́.

Ó ṣí ìwé ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, níbi tó yẹ kó ti kọ́kọ́ wò, ní ìlà àkíyèsí. Òun ló ní kí wọ́n kọ àkíyèsí, ṣùgbọ́n kò fi máàkì kankan sí i, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ kò kà á. Níwájú ọ̀sẹ̀ karùn-ún, pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní, Ummulkulthum kọ ọ́ síbẹ̀ pé: *Okùn fẹ́rẹ̀ẹ́ má dé omi. Mo ní láti tẹ̀ wọ inú kànga.*

"Fa okùn yẹn sókè," ni Priscilla wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Gbogbo rẹ̀. Tún fi rúlà rẹ wọ̀n ọ́n, láti ìdí ìfami dé òwú àkọ́kọ́."

Ọmọ náà fà á jáde, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. Ó dé ibi tí kókó kan wà. Lókè kókó náà, okùn ti ṣá, ó sì ti hurun. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ní ìhà ìfami, okùn mìíràn ni, tí àwọ̀ búlúù rẹ̀ ṣì ń dán. Rúlà ń lọ, ẹnu ọmọ náà ń ka iye. Ó ka ogún, kò tíì dé òwú àkọ́kọ́. Ó ka mẹ́rìnlélógún. Ní márùndínlọ́gbọ̀n ni rúlà tó kan òwú tó pè ní ogún.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Ìyá Àgbà! Ta ló so okùn yìí?"

"Èmi ni. Ta ni ìbá tún so ó?" ni Àlímátù wí. "Ṣé ẹ̀yin ọmọ ilé yìí mọ okùn so?"

"Nígbà wo?"

"Ọjọ́bọ̀ kan ni. Omi ti sá lọ, okùn kò dé e mọ́. Kí ni mo bá so mọ́ ọn, ẹsẹ̀ mi?"

"Kí ló dé tí ẹ kò so ó lókè, Màmá, níbi òpó?" ni Priscilla béèrè.

Ìyá náà wò ó bí ẹni tó béèrè ohun tí kò yẹ kó béèrè. Ó nawọ́ sí òpó irin tí ìdí okùn wà lára rẹ̀, tí wọ́n fi kókó ńlá kan so mọ́ òrùka. "Ọkọ mi ló so ìyẹn ní ọdún tó gbẹ́ kànga yìí. Ó ti lé lógójì ọdún. Okùn ti já, a ti pààrọ̀ rẹ̀ láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ tó wà lókè yẹn, a kì í tú u. Ìsàlẹ̀ la ti ń gé, ìsàlẹ̀ la ti ń so."

"Ojoojúmọ́ ni mo ń rí okùn búlúù yẹn," ni Ummulkulthum wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Òun ni mo fi ń fa omi ìwẹ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn rí." Lójijì ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fa ìwé rẹ̀ sórí ẹsẹ̀, ó sì fi márùn-ún kún iye ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó gbẹ̀yìn. Márùndínlọ́gbọ̀n. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Omi ń lọ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti gbogbo ènìyàn. "Mà, ọ̀sẹ̀ tí omi lọ sílẹ̀ jù ni mo kọ pé ó kún!"

Nínú lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́, ó ti kọ ọ́ sí Ìyá Àgbà pé kí wọ́n máa fa omi bó ṣe wù wọ́n. Ó ya ewé náà kúrò. Ó kọ òmíràn lójú ẹsẹ̀, ó sì kà á sókè: omi ti lọ sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, kí wọ́n máa fa omi lówùúrọ̀ àti nírọ̀lẹ́ nìkan, kí wọ́n má sì fi fọ aṣọ títí òjò yóò fi dé.

Àlímátù gbọ́ ọ tán. "Kí lo rò pé ó jẹ́ kí n so okùn?" ó wí, ó sì gbé agbọ̀n ẹ̀wà rẹ̀.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí Priscilla dé ilé. Ó yẹ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, kò balẹ̀. Ìbéèrè kan tẹ̀ lé e wálé: bí ìwé tó rí bí irọ́ bá jẹ́ òótọ́, kí ni àwọn tó rí bí òótọ́? Ó tú ìwé méjìlélógójì náà sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó gba máàkì jù.

Ìwé Ọlátúndé Dìran ló wà lókè. Ó ti fún un ní méjìdínlọ́gbọ̀n láìgbé e dé ojú fèrèsé, bóyá nítorí pé ó ti mọ ọmọ náà láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, bóyá nítorí pé òun àti ìyá rẹ̀ jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì. Méjìdínlógún. Méjìdínlógún àti ààbọ̀. Mọ́kàndínlógún. Mọ́kàndínlógún àti ààbọ̀. Ààbọ̀, ààbọ̀, ààbọ̀, títí dé òpin. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí omi dúró, kò sí èyí tó sáré. Ìlà àkíyèsí mọ́ láti òkè délẹ̀.

Ó pa ojú dé, ó sì rí àgbàlá ilé Dìran bó ṣe wà ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ níbẹ̀ ní oṣù kejìlá. Òun alára ló gbé kúlà oúnjẹ lé orí pèpéle sìmẹ́ǹtì kan tí ìkòkò òdòdó yí ká. Ó ti béèrè lọ́wọ́ ìyá ilé pé kí ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. "Kànga àtijọ́ ni," ni obìnrin náà wí. "A ti dí i pa látìgbà tí a ti gbẹ́ bohóòlù."

Ní ọjọ́ Ẹtì, kí aago ilé ẹ̀kọ́ tó lù, ó dúró de Ọlátúndé lẹ́nu géètì.

"Ta ló ṣí kànga yín fún ọ ní àárọ̀ Sátidé?"

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tó rí i pé olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín, ó wolẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. A kò ní kànga. Mo rò pé bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ó fún mi ní òdo."

"O lè lọ sí ti aládùúgbò."

"Sátidé ni a máa ń dánrawò orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, mà."

Ìwé dúdú ti wà ní ṣíṣí sílẹ̀ lórí tábìlì nígbà tí Priscilla wọlé. Ògúnrìndé ti kọ déètì sí i, ó ti ṣí ìdérí bírò.

"Ó dáa, Mísìs. Ẹ pe orúkọ rẹ̀ fún mi, kí n má baà ṣì í kọ. U-m-m-u—"

"Kì í ṣe òun, sà." Ó gbé ìwé méjèèjì síwájú rẹ̀, ó sì ròyìn okùn àti òwú pupa, kókó òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ògúnrìndé gbọ́ ọ láì ṣẹ́jú. Ó béèrè ibi tí rúlà ti bẹ̀rẹ̀, ó béèrè iye tí téèpù sọ. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ ya okùn náà sórí pépà, ó ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbẹ̀yìn, ó mí jáde nímú.

"Ó bọ́ sí i," ó wí, pẹ̀lú ìlọ́ra. "Nígbà náà, kò sí èrú."

"Ó wà, sà. Ọ̀kan wà tí kò rí kànga rárá. Ọlátúndé Dìran."

Bírò náà dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Dìran? Ọmọ Mádáàmù Dìran?"

"Òun ni."

"Áà." Ó dé ìdérí bírò náà. "Mísìs, ọ̀rọ̀ yìí gba sùúrù. Ọmọdé ni. Ilé rere ló ti wá. A kò lè torí kànga kan..."

"Sà, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ kò béèrè ilé tí Ummulkulthum ti wá." Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Èmi náà kò béèrè. Mo gbà pé èrú ló ṣe, mo sì gbà pé Ọlátúndé kò ṣe é, láìjáde nílé. Bí ẹ bá fẹ́ kọ orúkọ, màá kọ ti Ọlátúndé bí mo ṣe ṣèlérí. Bí ẹ kò bá fẹ́ kọ tirẹ̀, kí a má kọ ti ẹnikẹ́ni lórí iṣẹ́ yìí mọ́, àfi bí a bá ti lọ sí ilé ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn."

Ògúnrìndé ya ewé tí déètì wà nínú ìwé dúdú náà, ó ká a, ó sì fi í sí àpò. "Kí ni kí ọmọ náà wá ṣe?"

"Yóò tún un ṣe. Sátidé mẹ́jọ, ní kànga ilé Ummulkulthum."

"Lójú ta ni? Ẹ̀yin náà ti rí i pé ẹni tí ojú kò bá tó..."

"Ìyá Àgbà ibẹ̀ ń bẹ, sà. Títí tí mo fi kúrò níbẹ̀ lánàá, kò tíì gbà pé mi ò wá ra ilẹ̀. Bí ọmọ náà bá pa Sátidé kan jẹ, a ó gbọ́."

Ògúnrìndé kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti dúrọ́ọ̀ náà padà.

Ummulkulthum gba mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Priscilla tún ìwé iṣẹ́ náà tẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀. Ó yọ máàkì mẹ́ta kúrò lára àwòrán, ó fi wọ́n sí ìlà àkíyèsí, ó sì fi ìbéèrè kan kún un: *Ta ni ó tún ń fọwọ́ kan ohun tí o fi ń wọ̀n?*

Ní Sátidé àkọ́kọ́, ó gba Ìtokò kọjá bí ẹni tó ń lọ sọ́jà. Ọlátúndé ti wà lẹ́nu kànga, ó ń ka òwú pupa tí wọ́n ti tún so síbi tó yẹ, pẹ̀lú ojú oorun. Ummulkulthum dúró tì í, ó ń tún un kà lẹ́yìn rẹ̀. Lórí àpótí rẹ̀, Àlímátù ń ṣọ́ àwọn méjèèjì. Nígbà tó rí Priscilla lẹ́nu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ òun náà.

Ìkùukùu ti ń kórajọ níhà òkè Olúmọ. Bí òjò bá rọ̀ kí Sátidé mẹ́jọ náà tó pé, kànga yìí yóò kún lóòótọ́, Ọlátúndé yóò sì mú ìwé kan wá tí omi rẹ̀ ń gòkè. Priscilla mọ̀ pé òun yóò gbé e lọ sójú fèrèsé. Ó yí padà sílé láti lọ gbé garawa kan síta, kí òun fúnra rẹ̀ lè máa wọn òjò.